Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Bá Gúnlẹ̀: Bí Ẹ Ṣe Máa Sọ̀ àti Bí Ẹ Ṣe Máa Padà Wọ̀ Ọ́

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ sábà máa ń rò pé bí ọkọ̀ bá ti dé ìlú kan, wọ́n á kàn ṣílẹ̀kùn ni, kí oníkálukú bọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo kó ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù lórí rẹ̀ jọ síbí. Mo ti fojú ara mi rí àwọn tí ọkọ̀ fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ká mi lára.

Ọkọ̀ ti dúró, mo ń wo ìlú láti ojú fèrèsé. Kí ló dé tí wọn ò tíì jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀?

Ọkọ̀ ti dé lóòótọ́, àmọ́ ìlú ò tíì gbà á wọlé. Àwọn aláṣẹ èbúté gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ìwé ọkọ̀ wò: orúkọ gbogbo èrò àti òṣìṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀, àti bí ìlera wọn ṣe rí. Àṣà yìí ti wà tipẹ́ kí ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó dáyé. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn máa ń bá ọkọ̀ rìn láti ìlú dé ìlú, kò sí èbúté tó máa gba àlejò láìkọ́kọ́ mọ̀ bóyá aláìsàn wà láàárín wọn. Títí dòní, àsíá aláwọ̀ ìyeyè kan wà tí àwọn atukọ̀ ń pè ní Q. Ọkọ̀ tó bá ta á ń sọ pé ara gbogbo àwọn tó wà nínú òun dá, kí ìlú jọ̀ọ́ gba òun wọlé.

Ní ọ̀pọ̀ èbúté, ìwé náà ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú ọkọ̀, kì í sì í pẹ́. Níbòmíì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń wọ inú ọkọ̀ wá yẹ ìwé wò, ó sì lè pẹ́ díẹ̀. Àwọn ìlú kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé gbogbo èrò ló gbọ́dọ̀ yọjú sí wọn, títí kan ẹni tí kò ní sọ̀kalẹ̀.

Bí wọ́n bá ti wá kéde pé ọ̀nà là, gbogbo èèyàn á dà sórí àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ kò bá ní àdéhùn àárọ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, ẹ jókòó, ẹ jẹun yín. Ó sábà máa ń jẹ́ pé láàárín wákàtí kan, ọ̀nà á ti dá.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ mú dání?

Káàdì ọkọ̀ ni àkọ́kọ́, ìyẹn káàdì ìdánimọ̀ tí ọkọ̀ fún yín nígbà tí ẹ wọlé. Àwọn ọkọ̀ kan ń lo ohun tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́ tàbí mọ́ ọrùn, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà dáadáa nígbà tí ẹ bá ń jáde. Òṣìṣẹ́ ààbò á fi káàdì yín kan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á dún. Àwòrán yín tí wọ́n yà lọ́jọ́ tí ẹ wọkọ̀ á yọ lójú kọ̀ǹpútà. Á wo àwòrán, á wo ojú yín, á mi orí, ẹ̀yin á kọjá. Dídún ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n fi kọ orúkọ yín sílẹ̀ pé ẹ ti jáde. Nígbà tí ẹ bá padà, á tún dún, wọ́n á kọ ọ́ pé ẹ ti wọlé. Bí èrò ẹgbẹ̀rún mẹ́rin bá wà nínú ọkọ̀, wọ́n lè fi orúkọ mọ ẹni tó kù sílẹ̀ nígbàkigbà.

Kì í ṣe ṣekárími ni wọ́n ń ṣe. Lọ́dún 1985, àwọn agbébọn tó wọkọ̀ bí èrò gba ọkọ̀ Achille Lauro lẹ́bàá Íjíbítì, wọ́n sì pa èrò kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èrò tó kù kò sí nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ ní Alexandria láti lọ ṣèbẹ̀wò, wọ́n fẹ́ padà wọ̀ ọ́ ní Port Said. Lẹ́yìn ìkọlù tó wáyé ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2001, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí òfin ààbò ọkọ̀ àti èbúté tí wọ́n ń pè ní ISPS, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2004. Òun ló jẹ́ kí àyẹ̀wò ẹnu ọ̀nà le tó bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo.

Yàtọ̀ sí káàdì ọkọ̀, ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ tó ní àwòrán dání, torí àwọn èbúté kan wà tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì á béèrè rẹ̀ kí ẹ tó padà wọlé. Ti páásípọ́ọ̀tù yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ tí ọkọ̀ ń pín á sọ bóyá ẹ máa nílò rẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú yàrá, ẹ fi fóònù ya ojú ewé tí àwòrán yín wà. Nínú ìwé ìròyìn yẹn kan náà, wọ́n sábà máa ń kọ nọ́ńbà fóònù aṣojú ọkọ̀ ní èbúté. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, ẹ fi sápò.

Ọ̀rọ̀ físà ńkọ́? Bí ọkọ̀ ò tiẹ̀ ní lò ju wákàtí mẹ́jọ lọ ní ìlú kan, ìlú náà lè béèrè físà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé irú páásípọ́ọ̀tù tiyín. Èrò mìíràn nínú ọkọ̀ kan náà lè má nílò rẹ̀ rárá. Kí ẹ tó sanwó ìrìn àjò ni kí ẹ ti wádìí rẹ̀, ní èbúté kọ̀ọ̀kan, torí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lè má gbà yín wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pàápàá bí ẹyọ kan bá kù.

Wọ́n ní ọkọ̀ kékeré ló máa gbé wa dé etí omi. Kí ló fà á?

Kì í ṣe gbogbo ìlú ló ní èbúté tó gba ọkọ̀ ńlá. Ní Belize City, omi ò jìn létí ilẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ á dúró sójú òkun lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ máìlì sí ìlú. Ní George Town, olú ìlú erékùṣù Cayman, kò sí èbúté tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá lè fara tì. Ní Santorini ní ilẹ̀ Gíríìsì, àpáta gíga ló yọrí sókè lójú omi, ìlú Fira sì wà lórí rẹ̀. Irú ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi ọkọ̀ kékeré kó èrò. Ọ̀pọ̀ ìgbà, lára àwọn ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà tó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ńlá ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ fún un.

Wọ́n sábà máa ń pín nọ́ńbà láàárọ̀, ẹ ó sì dúró dìgbà tí wọ́n bá pe tiyín. Àwọn tó sanwó fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ pé kó mú àwọn rìn káàkiri ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní ìrìn ìgbafẹ́, ló sábà máa ń ṣáájú.

Ibi tó gba ìṣọ́ra ni ìgbà tí ẹ bá ń ti inú ọkọ̀ ńlá bọ́ sínú kékeré. Ọkọ̀ kékeré náà ń lọ sókè sódò pẹ̀lú ìgbì. Ẹ ó rí i kí ó bá ẹsẹ̀ yín dọ́gba, kí ó tó tún rì sísàlẹ̀. Atukọ̀ méjì á di apá yín mú lọ́tùn-ún lósì. Ẹ má fò, ẹ má sì wo fóònù. Ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá ní ẹ gbẹ́sẹ̀, kí ẹ wá gbé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ gbọ́dọ̀ béèrè ṣáájú, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kì í gbé kẹ̀kẹ́ abánáṣiṣẹ́ sínú ọkọ̀ kékeré. Bí afẹ́fẹ́ bá sì le jù, ọ̀gá ọkọ̀ lè ní kí wọ́n má gbé ẹnikẹ́ni sọ̀ rárá. Ó máa ń dunni, ṣùgbọ́n mo gbà pé òun ló tọ́.

Ṣé mo lè jáde, kí n padà wá jẹun, kí n tún jáde?

Bẹ́ẹ̀ ni, iye ìgbà tó bá wù yín. Ẹ sì lè má jáde rárá, níbi tí òfin ìlú bá ti gbà á. Àmọ́ o, ṣọ́ọ̀bù àti ibi tẹ́tẹ́ inú ọkọ̀ sábà máa ń wà ní títì títí ọkọ̀ á fi kúrò létí ìlú, nítorí òfin owó bodè àti òfin tẹ́tẹ́.

Kí ni wọn ò ní jẹ́ kí n mú wọlé tàbí jáde?

Àpò yín á gba inú ẹ̀rọ kọjá, bíi ti pápákọ̀ òfuurufú. Ọtí tí ẹ bá rà nílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á gbà á lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á bá yín tọ́jú rẹ̀ títí ìrìn àjò á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Bí ẹ bá ń lọ sílẹ̀, ẹ má fi èso tàbí ẹran láti orí tábìlì oúnjẹ sínú àpò. Ọsirélíà àti New Zealand kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rárá, owó ìtanràn ni. Iyùn inú òkun pẹ̀lú, ẹ fi sílẹ̀ níbi tí ẹ bá ti rí i.

Ṣé mo lè sọ̀kalẹ̀ pátápátá láàárín ọ̀nà, kí n gba ilé mi lọ?

Ẹ ní láti kọ̀wé béèrè ṣáájú, wọ́n sì lè kọ̀. Òfin Amẹ́ríkà kan tó ti wà láti ọdún 1886 kò gba ọkọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn láyè láti gbé èrò láti èbúté Amẹ́ríkà kan lọ sọ sí òmíràn. Bí ẹ bá wọkọ̀ ní Seattle, tí ẹ sì sọ̀ pátápátá ní Juneau ní Alaska, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ti Amẹ́ríkà, wọ́n á bu owó ìtanràn lé ọkọ̀, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ á sì gbà á padà lọ́wọ́ yín. Òfin yìí náà kò gbà kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbé èrò yípo láàárín èbúté Amẹ́ríkà nìkan láìyà ní ilẹ̀ òkèèrè, òun ló fà á tí ọkọ̀ tó ń ti Seattle lọ sí Alaska fi máa ń yà ní Victoria ní Kánádà.

Aago wo ni mo máa tẹ̀ lé?

Aago ọkọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ dúró lórí èyí díẹ̀.

Ọkọ̀ lè kọ̀ láti yí aago rẹ̀ padà bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago ìlú tó gúnlẹ̀ sí yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo Cozumel ní Mẹ́síkò. Láti ọdún 2015, ìpínlẹ̀ tó wà kì í yí aago síwá-sẹ́yìn mọ́. Flọ́rídà ṣì ń yí i: wọ́n á sún un síwájú ní wákàtí kan láti oṣù Kẹta sí oṣù Kọkànlá, wọ́n á sì tún dá a padà. Nítorí náà, láàárín àwọn oṣù yẹn, ọkọ̀ tó bá ti Flọ́rídà wá tí kò sì yí aago rẹ̀ padà á fi wákàtí kan ṣáájú aago Cozumel. Fóònù yín á bá ìlú lọ láìbi yín léèrè. Ẹ ó wò ó, á ní aago mẹ́ta ni, aago mẹ́rin sì ti lù nínú ọkọ̀. Aago ọwọ́ tí kò mọ nǹkan kan nípa íntánẹ́ẹ̀tì ló dáa jù. Ẹ fi ti ọkọ̀ ṣe òdiwọ̀n rẹ̀ kí ẹ tó jáde.

Ohun kejì: àsìkò tí wọ́n kọ pé kí gbogbo èèyàn ti wọlé kì í ṣe àsìkò tí ọkọ̀ máa gbéra. Ó sábà máa ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Níbi tí ọkọ̀ kékeré bá ti ń kó èrò, àsìkò tí èyí tó gbẹ̀yìn máa kúrò létí omi ni kí ẹ mọ̀, kí ẹ sì ro ìlà tó máa wà níbẹ̀ mọ́ ọn.

Ṣé lóòótọ́ ni ọkọ̀ lè fi mí sílẹ̀?

Á fi yín sílẹ̀. Mo dúró lókè létí ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n ti ń tú okùn. Tọkọtaya kan yọ láti ẹnu géètì, wọ́n ń sáré bọ̀. Ìyàwó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ọkọ gbá àpò ìtajà méjì mọ́ àyà. Àwọn èèyàn lókè ń pariwo, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni ń wo eré ìje. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, wọ́n ti fa afárá wọlé. Omi tó wà láàárín ọkọ̀ àti èbúté kò tíì fẹ̀ ju mítà méjì lọ. Obìnrin náà dúró, ó fi ọwọ́ tó fi di bàtà mú bo ojú. Pàtẹ́wọ́ yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Kì í ṣe ìkà ló mú kí ọkọ̀ má lè dúró. Atukọ̀ èbúté tó máa tọ́ ọ sọ́nà jáde ti wà nídìí iṣẹ́ ní wákàtí tí wọ́n jọ fàdéhùn sí, ọkọ̀ mìíràn lè máa bọ̀ wá gba àyè rẹ̀, òkun lè máa fà. Ìṣẹ́jú tó bá sọnù níbí, epo ni wọ́n á fi lé e bá lóru, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ gbogbo èrò á pẹ́ dé ìlú tó kàn. Bí ẹ bá bá ìrìn ìgbafẹ́ ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lọ tó sì pẹ́, wọ́n á dúró dè yín, tàbí kí wọ́n wá bí ẹ ṣe máa bá wọn. Ẹni tó dá lọ fúnra rẹ̀, ẹrù rẹ̀ wà lọ́rùn ara rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, èrò mẹ́jọ nínú ọkọ̀ Norwegian Dawn bá ìrìn àdáni lọ ní erékùṣù São Tomé, wọ́n sì pẹ́. Ọkọ̀ ṣì wà níbi tó dákọ̀ró sí, àmọ́ wọn ò gbà wọ́n mọ́. Wọ́n gba ìlú dé ìlú títí wọ́n fi dé Gáḿbíà kí wọ́n lè pàdé rẹ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ ò sì rọ́nà gúnlẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà ni wọ́n ti padà wọ̀ ọ́.

Bó bá wá ṣẹlẹ̀ sí mi ńkọ́?

Ẹ má lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ má sì wọ takisí lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ pe nọ́ńbà aṣojú ọkọ̀ tí ẹ kọ sórí bébà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ẹnu ọ̀nà bá ti fi hàn pé ẹ ò wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ sábà máa ń lọ wo inú yàrá yín. Bí wọ́n bá rí páásípọ́ọ̀tù yín níbẹ̀, wọ́n á fi lé aṣojú náà lọ́wọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ ti máa gbà á.