Eegun Àfikún àti Awọ Ìdènà fún Kòtò Ìdí Eyín

Bí àrùn erìgì bá ti pẹ́ lẹ́nu ènìyàn, kì í mọ ní ẹ̀jẹ̀ yíyọ nìkan. Àwọn kòkòrò inú ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ìdí eyín ń mú kí erìgì wú, ara á sì dìde bá wọn jà, inú ìjà yẹn gan-an ni eegun tó di eyín mú ti ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà mìíràn, yíyọ́ náà á lọ déédéé yí ọ̀pọ̀ eyín ká. Nígbà mìíràn, á gbẹ́ kòtò lọ sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín kan. Kòtò bẹ́ẹ̀ ni eegun àfikún, ìyẹn hóró tí a ń dà sínú kòtò, àti awọ ìdènà, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́ tí a fi ń bò ó, wà fún. Bí eegun bá ti lọ sílẹ̀ déédéé káàkiri ẹnu, wọn kò lè ṣe púpọ̀ sí i.

Ènìyàn lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fi kàn fọ kòtò náà mọ́, kí a sì jẹ́ kó jinná. Á jinná lóòótọ́, ṣùgbọ́n awọ òkè erìgì ló ń yára hù jù: á yọ́ wọ ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò eyín lọ sísàlẹ̀, kí eegun àti iṣan tín-ín-rín tó so eyín mọ́ eegun tó rí àyè débẹ̀. Ní ọdún 1976, olùwádìí kan nípa eyín, Melcher, sọ ọ́ pé irú sẹ́ẹ̀lì tó bá kọ́kọ́ gba ojú gbòǹgbò ni yóò pinnu bí ojú ibẹ̀ yóò ṣe jinná. Ní ọdún 1982, Nyman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden fi àsẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti ilé ìwádìí bo kòtò ìdí eyín iwájú ìsàlẹ̀ kan. Lẹ́yìn oṣù 3, wọ́n yọ eyín náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé iṣan tuntun ti so mọ́ gbòǹgbò.

Iṣẹ́ awọ ìdènà kò ju ìyẹn lọ: ó ń dá erìgì dúró kí eegun àti iṣan tó ń lọ́ra lè débẹ̀. Àwọn awọ kan kì í yọ́ nínú ara, dókítà gbọ́dọ̀ tún erìgì là lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti yọ wọ́n. Kọ́lájìn, èròjà tó wà nínú awọ àti iṣan, ni wọ́n sábà fi ń ṣe èyí tó ń yọ́ fúnra rẹ̀. Ara ẹlẹ́dẹ̀ tàbí màlúù ni kọ́lájìn náà sì ti máa ń wá, nítorí náà ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ bá kọ ẹlẹ́dẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé.

Eegun àfikún ni hóró wẹ́wẹ́ tí a ń dà sínú kòtò kí awọ náà má baà wó sínú rẹ̀. A lè bù ú lára àgbọ̀n aláìsàn fúnra rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ti olóògbé tó fi ara rẹ̀ ta wá lọ́rẹ, ti màlúù tí a ti yọ gbogbo ohun tó lè rà kúrò lára rẹ̀, tàbí èyí tí ilé iṣẹ́ fi kálísíọ̀mù àti fọ́sféètì ṣe. Ti ara ẹni nìkan ló sábà ń gbé sẹ́ẹ̀lì alààyè wọlé. Àwọn yòókù dà bí igi tí bíríkìlà ń gùn kọ́lé, ara ló máa gun orí wọn kọ́ eegun tirẹ̀.

Kòtò tóóró tó jìn, tí eegun sì ṣẹ́kù ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ló ń dáhùn dáadáa jù, torí pé ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà wọlé pọ̀. Sìgá mímu ń bà á jẹ́, àtọ̀gbẹ tí a kò tọ́jú náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fún nǹkan bí oṣù 6, dókítà kì í fi irin wọn ìjìnlẹ̀ ibẹ̀, kó má baà já ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so pọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí fọ́tò ẹ́síréè nìkan dá yín lójú: hóró eegun màlúù á funfun nínú fọ́tò láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í síbẹ̀, yálà eegun tuntun hù tàbí kò hù.