Ọmọ Tó Mọ Kíkí, Ṣé Ó Ti Mọ Ẹgbẹ́ Ṣe?

Kò sí ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí mo lọ ní Òṣogbo yìí tí ẹnìkan kì í dìde sọ pé kí ilé ìwé fi ẹ̀kọ́ ìmọ̀lára sílẹ̀, ìyẹn kíkọ́ ọmọ bó ṣe máa kápá ọkàn rẹ̀ àti bó ṣe máa bá ẹgbẹ́ ṣe, kó gbájú mọ́ ìwé, pé àwọn ti kọ́ ọmọ àwọn níwà nílé. Wọ́n á sì pàtẹ́wọ́. Ó ti sú mi.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí là ń kọ́ ọmọ nílé gan-an? Dọ̀bálẹ̀. Kúnlẹ̀. Má fọwọ́ òsì gba nǹkan. Má dá sọ́rọ̀ àgbà. Ti ọmọdé sí àgbà ni gbogbo rẹ̀. Ti ọmọdé sí ọmọdé ńkọ́?

Mo dúró de ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu géètì ilé ìwé kan lápá Òkè-Fìà. Ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀ kí mi, "Ẹ káàsán, mà," orúnkún kanlẹ̀ dáadáa. Ó dìde, ó já lu àwọn tó ń ṣe tẹ́ń-tẹ́ń, ó ní òun ló kàn. Wọ́n pòṣé, wọ́n kẹ̀yìn sí i. Ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń fa òwú tó tú létí yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ títí agogo fi lù. Ṣé ẹni tí a ò kọ́ nílé nìyẹn? Àwọn tó máa ń ṣọ́ ọmọdé nídìí eré ti rí i pé ẹni tó bá kọ́kọ́ wòran, tó wá ń ṣe ohun táwọn yòókù ń ṣe, ni wọ́n tètè ń gbà mọ́ra, kì í ṣe ẹni tó já wọ̀ ọ́. Ohun tí èèyàn lè kọ́ ọmọ ni. Ta ló kọ́ ọ?

Wọ́n ní ẹ̀kọ́ yìí ń jẹ àkókò ìwé. Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà kó àbájáde ètò ẹ̀kọ́ ìmọ̀lára 213 nílé ìwé jọ, ọmọ tó lé ní 270,000. Níbi tí wọ́n ti wo èsì ìwé, bí a bá to ọmọ 100 láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ọmọ tí ì bá wà ní ipò 50 láìgba ẹ̀kọ́ náà á bọ́ sí nǹkan bí ipò 61 bó bá gbà á. Àkókò wo ló jẹ?

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2022, wọ́n gbé àbájáde kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 14 bí wọ́n ṣe ń fara balẹ̀ kíyè sí ọkàn wọn. Kò ṣe wọ́n láǹfààní ju ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Ó jọ pé ohun tí wọ́n kọ́ àti ọwọ́ tí wọ́n fi kọ́ ọ ló ń sọ bó ṣe máa rí.

Nítorí náà, bí ilé ìwé aládàáni bá ti owó "ẹ̀kọ́ ìmọ̀lára" bọ owó ilé ìwé yín, ẹ bi wọ́n ní ohun tí ọmọ máa ṣe lọ́jọ́ Ajé, láago mélòó, pẹ̀lú ta ni. Bó bá jẹ́ pé wọ́n á kàn máa ké "mo níyì, mo níyì" lórí ìlà ni, ẹ fowó yín ra bàtà fún un.