Ohun Kẹta Tó Ń Ya Ọtí Kúrò Lára Omi

Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn tó ń sè ògógóró ní gúúsù Kwara yóò ti rí i bí emu kíkan ṣe ń hó nínú àgbá, tí ooru rẹ̀ ń gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, tí ọtí sì ń kán tó, tó, tó sínú kẹ́ẹ̀gì. Bí wọ́n bá tún un sè, yóò le sí i. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé nǹkan bí ìdá 95.6 nínú ọgọ́rùn-ún, ọtí àti ìwọ̀nba omi tó ṣẹ́ kù yóò jọ máa hó ní 78.2°C, iná yòówù kí a kó sídìí rẹ̀ kò sì ní yà wọ́n mọ́. Irú àdàlù yìí ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì, Wade àti Merriman, sọ ní azeotrope ní 1911.

Kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ ni Sydney Young, onímọ̀ kẹ́míkà ní Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti rí ọgbọ́n ta sí i ní 1902: ó da ohun kẹta mọ́ ọn, ìyẹn benzene, olómi kan tí wọ́n ń rí lára epo rọ̀bì. Benzene, omi àti díẹ̀ nínú ọtí jọ hó ní nǹkan bí 65°C, wọ́n ṣáájú gòkè lọ, ọtí pọ́ńbélé ló sì kù nísàlẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, àmọ́ benzene ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Cyclohexane tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ epo rọ̀bì lòun náà, ó sì tètè ń gbiná.

Àwọn mìíràn wá ohun tí yóò di omi mú nísàlẹ̀ kí ọtí lè gòkè láìsí i. Glycol, olómi kíki kan, ṣe é. Glycerin, tó máa ń jáde lára epo nígbà tí epo bá ń di ọṣẹ, náà ṣe é. Glycerin kì í hó títí ooru yóò fi dé 290°C, nítorí náà a lè sè é kí omi kúrò lára rẹ̀, kí a sì tún un lò.

Ní 2003 ni Andrew Abbott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leicester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé bí a bá po choline chloride, irú iyọ̀ kan tí kì í yọ́ títí ooru fi kọjá 300°C, mọ́ yúríà, tó ń yọ́ ní 133°C, àdàlù wọn yóò ti di olómi ní 12°C. Méjèèjì kì í ṣe àjèjì ní Ìlọrin: yúríà ni àwọn àgbẹ̀ ń fi sí ìdí àgbàdo, choline chloride sì wà nínú oúnjẹ adìyẹ. Wọ́n ti dán àdàlù náà wò fún yíya ọtí kúrò lára omi, ó sì di omi mú dáadáa. Síbẹ̀, n kò fara mọ́ àwọn tó ń pe gbogbo irú àdàlù bẹ́ẹ̀ ní aláìléwu, nítorí pé ó ki, ó ṣòro láti fà gba inú páìpù, bí ooru bá sì pọ̀ jù, yúríà á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, òórùn amóníà á sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ìdí nìyí tí glycol kò fi tíì kúrò nílé iṣẹ́.