Kí Wọ́n Tó Gba Ẹ̀jẹ̀ Yín

Tí àyẹ̀wò bá ní òun ò rí àrùn kankan, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ara ẹni tó ṣe é dá. Tó bá sì ní òun rí nǹkan, ó lè má jẹ́ nǹkan ọ̀hún ló dá onítọ̀hún dùbúlẹ̀. Iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni mò ń ṣe: kòkòrò àrùn ni mò ń wá nínú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, ìgbẹ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àwọn èèyàn. Ohun tó máa ń dùn mí jù ni kí ẹnì kan gba ìwé èsì, kó wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wà nísàlẹ̀, kó sì torí ìyẹn nìkan pinnu ohun tó kan ẹ̀mí rẹ̀. Àyẹ̀wò kì í dáhùn ju ohun tí wọ́n bi í lọ, ìdáhùn rẹ̀ ò sì kọjá ọjọ́ tí wọ́n bi í. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí àrùn ṣe ń rìn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìyókù ti ń jáde.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Ọ̀nà kan náà kọ́ sì ni gbogbo àrùn àkóràn ń gbà wọ ara. Afẹ́fẹ́ ni àwọn kan ń gùn. Nínú àwọn wọ̀nyí, mi ò mọ èyí tó yára ràn ju éèyi lọ. Ọmọ tó ní in lè jáde kúrò nínú yàrá, kí kòkòrò rẹ̀ ṣì wà nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 2. Tí èèyàn 10 tí kò ní àjẹsára bá sún mọ́ ọmọ náà, ó lè ran mẹ́sàn-án nínú wọn. Ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé ó ti ń ràn láti nǹkan bí ọjọ́ 4 kí ara tó sú. Ìyá tó bá so ọmọ rẹ̀ mọ́lé lọ́jọ́ tí ara sú ti ṣe dáadáa, àmọ́ àrùn ti lọ síwájú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mímú aláìsàn kúrò láàárín èèyàn nìkan kò fi lè ká éèyi. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ká a: ẹ̀ẹ̀mejì tí ọmọ bá gbà á, ó ń dáàbò bo nǹkan bí 97 nínú ọmọ 100.

Ẹ fi ìyẹn wé Ebola. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba gbogbo ayé, ó sì tọ́ kó bà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó kó o kì í ran ẹlòmíì títí àmì àìsàn yóò fi hàn lára rẹ̀, omi ara aláìsàn tàbí òkú ni kòkòrò náà sì ń bá rìn. Nítorí náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lè tọpa gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn, kí wọ́n máa wò wọ́n fún ọjọ́ 21, kí wọ́n sì gé àrùn náà kúrú. Irú ọgbọ́n yìí, pẹ̀lú àjẹsára, ló lé ṣànpọ̀nná kúrò láyé. Orílẹ̀-èdè Sòmálíà ni ẹni tó kó o kẹ́yìn láàárín ìlú wà lọ́dún 1977, nígbà tó sì di 1980, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti parí. Ẹ rí i pé kì í ṣe bí àrùn ṣe ń pani tó ló ń sọ bó ṣe máa ṣòro tó láti dá dúró. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ràn ló ṣe kókó.

Ẹnu ni onígbáméjì, tàífọ́ọ̀dù àti ọ̀pọ̀ àrùn ìgbẹ́ gbuuru ń gbà wọlé: ìgbẹ́ aláìsàn dénú omi tàbí oúnjẹ, omi tàbí oúnjẹ náà dé ẹnu ẹlòmíì. Lọ́dún 1854, onígbáméjì ń pa àwọn èèyàn ní àdúgbò Soho ní London. Afẹ́fẹ́ burúkú ni ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà náà sọ pé ó ń fà á. Dókítà John Snow kọ̀ jálẹ̀. Ó wádìí ilé àwọn tó kú, ó sì rí i pé ẹ̀rọ omi kan ní òpópónà Broad Street ni púpọ̀ wọn ti ń pọnmi. Ó rọ àwọn aláṣẹ títí wọ́n fi yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Snow kò lè fi kòkòrò onígbáméjì han ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà tó ń gbà. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ wíwá kòkòrò ń sọ ọ́ gbangba pé mímọ ọ̀nà wúlò ju mímọ orúkọ lọ.

Onígbáméjì tún kọ́ wa ní ohun kan nípa ìtọ́jú. Kì í ṣe kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ló ń yára pa èèyàn, omi tó ń tú jáde lára ni. Ẹni tó bá mú gan-an lè kú láàárín wákàtí díẹ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jókòó ti èsì àyẹ̀wò ìgbẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Oògùn oníyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mọ́ omi ló dára jù. Tí kò bá sí, ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ lítà 1 omi tó mọ́. Ẹ rí i pé ṣíbí náà kò kún kọjá etí, torí iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu fún ọmọdé. Ẹ máa fún aláìsàn ní omi yìí díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tí kò lè mu mọ́, tí ojú rẹ̀ ti jìn, omi ojú iṣan ló nílò, kíákíá.

Àwọn àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ oríṣi B lè wà láàyè lóde ara fún ó kéré tán ọjọ́ 7, lórí abẹ tó ti gbẹ, lórí abẹ́rẹ́ tí ẹlòmíì ti lò. HIV kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ lóde ara. Ẹ̀fọn kì í gbé e kiri, dídì mọ́ra àti jíjẹun pọ̀ kì í sì í kó o ranni. Ibà ní tirẹ̀, abo ẹ̀fọn Anopheles ló ń gbé e láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíì. Òru ló sábà máa ń jẹni, ohun tí àwọ̀n tí wọ́n rì sínú oògùn ẹ̀fọn fi wúlò nìyẹn.

Ní báyìí, ká bọ́ sí orí tábìlì tèmi. Lẹ́yìn tí kòkòrò bá wọ ara, ó máa ń lúgọ kó tó hàn. Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò kì í wá kòkòrò gan-an. Èròjà tí ara ń ṣe láti fi bá a jà ni wọ́n ń wá. Ara sì nílò àkókò láti ṣe é. Ẹni tó kó HIV lánàá, tó ṣe àyẹ̀wò lónìí, yóò gba ìwé tó ní kò sí nǹkan, kòkòrò yóò sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka tàbí itọ́ ṣe, tó ń wá èròjà ara yìí, lè gba ọjọ́ 23 sí 90 kó tó rí i. Èyí tó ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lè rí i láàárín ọjọ́ 10 sí 33. Ẹni tó bá sọ pé kẹ́ ẹ padà wá kò kó yín láyà jẹ lásán.

Ohun pàtàkì míì wà tí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fò kọjá: ẹni tó bá rò pé òun ti fara kan HIV kò gbọ́dọ̀ dúró de àyẹ̀wò oṣù mẹ́ta. Oògùn wà tó lè dènà rẹ̀ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 72, bó bá sì ti lè yá tó ló ti dáa tó. Ẹni tó sì ti ní in, tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé títí àyẹ̀wò kò fi rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kì í kó o ran ẹni tó bá ń bá a lò pọ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú. Ìwádìí ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ti ajá dìgbòlugi tún yàtọ̀ pátápátá. Kò sí àyẹ̀wò tó lè sọ fún ẹni tí ajá gé jẹ pé kòkòrò náà wà lára rẹ̀ kí àmì tó jáde. Tí àmì bá sì ti jáde, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má wá sọ́dọ̀ wa pé ká yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.

Èsì tó ní àrùn wà náà ń fẹ́ àlàyé. Àyẹ̀wò ibà ojú ẹsẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù ń wá èròjà kan tí kòkòrò ibà máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Èròjà yìí lè ṣẹ́ kù sára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti pa kòkòrò tán. Nítorí náà, ẹni tó ti lo oògùn ibà pé, tó tún ṣe àyẹ̀wò yìí lọ́sẹ̀ kejì, lè rò pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù ló yẹ kó bèèrè, torí ibẹ̀ la ti ń fojú rí kòkòrò ọ̀hún.

Mo ní ìjà pẹ̀lú àyẹ̀wò tàífọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní Widal. Ó ti pẹ́ láyé, ó rọrùn láti ṣe, ó sì ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ẹni tó ti gba àjẹsára tàífọ́ọ̀dù rí, ẹni tó ti ní in lọ́dún tó kọjá, àní ẹni tí àrùn míì ń ṣe, gbogbo wọn ni Widal lè sọ pé wọ́n ní in. Mo dúró lórí rẹ̀ pé Widal ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó láti fi pe ẹnikẹ́ni ní onítàífọ́ọ̀dù. Gbígbin ẹ̀jẹ̀ sínú oúnjẹ kòkòrò, kí á wo ohun tó máa hù, ló ṣeé gbára lé jù ú lọ, kí oògùn kankan sì tó wọ ẹnu aláìsàn ni ó yẹ kí á gba ẹ̀jẹ̀ náà.

Èyí ló ń bà mí nínú jẹ́ lójoojúmọ́. Ẹnì kan á ti gbé oògùn áńtíbáyótíìkì, ìyẹn oògùn tó ń bá àwọn kòkòrò tí wọ́n ń pè ní bakitéríà jà, mì fún ọjọ́ méjì kó tó wá. Oògùn náà á ti rẹ kòkòrò sílẹ̀, kò ní pa á tán, kò sì ní jẹ́ kó hù nínú àwo wa. Bí kòkòrò bá hù, a óò gbé àwọn bébà róbótó tí wọ́n ti rì sínú oríṣiríṣi oògùn lé e lórí, a óò fi í sílẹ̀ nínú ooru tó bá ti ara èèyàn dọ́gba di ọjọ́ kejì. Oògùn tó bá ká kòkòrò náà á ṣe òrùka tó mọ́ kedere yí ara rẹ̀ ká. Ibi tí oògùn kò bá ti ká a, kòkòrò á hù dé etí bébà. A ń wọn òrùka kọ̀ọ̀kan. Òrùka yìí ló ń sọ fún dókítà èwo ni kó lò, ìdí sì nìyí tí èsì fi ń gba ọjọ́ méjì, mẹ́ta, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oògùn áńtíbáyótíìkì kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú fáírọ́ọ̀sì, irú kòkòrò míì tó yàtọ̀ sí bakitéríà. Kò wúlò fún ọ̀fìnkìn, kò wúlò fún éèyi. Ẹni tó bá ń lò ó sí ọ̀fìnkìn ń fún àwọn bakitéríà ara rẹ̀ láyè láti kọ́ bí wọ́n ṣe máa sá fún un. Alexander Fleming, tó ṣàwárí pẹnisílíìnì lọ́dún 1928, ti kìlọ̀ nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945 pé ẹni tó bá lo oògùn náà kéré ju bó ṣe yẹ lọ lè sọ kòkòrò di aláìgbọ́ràn sí i.

Níbi ikọ́ ẹ̀gbẹ la ti ń rí ewu yìí jù. Fún ọ̀pọ̀ aláìsàn, oṣù 6 ni ìtọ́jú rẹ̀: oògùn mẹ́rin fún oṣù méjì, méjì fún oṣù mẹ́rin tó kù. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ikọ́ ti máa ń rọlẹ̀, tí èèyàn á máa rò pé ó ti tán, àmọ́ kòkòrò tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀dọ̀fóró ni oṣù tó kù wà fún. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá, ẹ má ṣe tutọ́ sínú ike. Òwúrọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó jẹun, ẹ mí kanlẹ̀, ẹ wúkọ́ láti àyà wá. Itọ́ ẹnu lásán kò lè fi ohun tó wà ní àyà hàn, bí ẹ̀rọ wa ìbáà tilẹ̀ lè fún yín lésì láàárín wákàtí 2. Tí ìtọ̀ bá ni wọ́n fẹ́, ẹ jẹ́ kí àkọ́kọ́ dà nù, àárín rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà sínú ike, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, ẹni tó lè dúró ni mo ń bá wí. Tí ọrùn èèyàn bá gan, tí ó ń sọ ìsọkúsọ, tí ibà ń jó o, tí ìmọ́lẹ̀ kò bára dé fún ojú rẹ̀, yírunyírun lè ni. Ọmọ tí ń mí gúlegúle tí kò lè mu ọmú mọ́ náà kò ní àkókò fún àwo wa. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ tàbí omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn tó bá ṣeé gbà lójú ẹsẹ̀, dókítà á sì bẹ̀rẹ̀ oògùn láìdúró dè wá. Tí èsì wa bá dé lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, wọ́n á yí oògùn náà padà sí èyí tó bá kòkòrò tí a rí mu.