Sátẹ́láìtì Ò Mọ Ibi Tí Ọkọ̀ Wà Bí Ọkọ̀ Ò Bá Sọ

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ìgbàkigbà tí wàhálà ọkọ̀ ojú omi bá ti ṣẹlẹ̀ lẹ ó máa gbọ́ ọ: "Ṣebí sátẹ́láìtì ń wo gbogbo wọn, kí wá ni ti òfin pé kí ọkọ̀ máa jábọ̀ ibi tó wà?" Rárá o. Àmì kékeré tẹ́ ẹ ń rí lórí máàpù ọkọ̀ ojú omi nínú fóònù yín yẹn, ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ló ń kéde ara ẹ̀ lórí rédíò, AIS ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ ọ̀hún. Tí wọ́n bá pa á, tàbí tí iná lọ nínú ọkọ̀, ohùn ẹ̀ dákẹ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe lè dákẹ́ tí ọkọ̀ bá kàn jìnnà sí etíkun. Ta ló máa mọ èyí tó jẹ́ ewu níbẹ̀?

Àfi kí ẹnì kan máa ka wákàtí. SS Poet, ọkọ̀ Amẹ́ríkà, kúrò ní Philadelphia lóṣù October 1980, àgbàdo ló kó lọ sí Port Said ní Íjíbítì, èèyàn 34 ló wà nínú ẹ̀. Ó lọ ráúráú. Oṣù November ti wọlé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí wá a. Ó wà lára ohun tó bí òfin Amẹ́ríkà ti 1984: ọ̀gákọ̀ gbọ́dọ̀ kàn sí ilé iṣẹ́ ẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí 48, tí wákàtí yẹn bá kọjá tí wọn ò gbọ́ nǹkan kan, kíá ni kí ilé iṣẹ́ náà sọ fún Coast Guard, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà.

Ẹ máa ní 1980 nìyẹn, ayé ti lajú. El Faro ńkọ́? 1 October 2015, láti Jacksonville lọ sí San Juan ní Puerto Rico, ìrìnàjò abẹ́lé Amẹ́ríkà, ìjì Joaquin gbé e mì, èèyàn 33 lọ. Ẹ̀rọ ìpè pàjáwìrì ẹ̀ ké sí sátẹ́láìtì, sátẹ́láìtì sì gbọ́ ọ. Ó gbọ́ o! Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn ò ní GPS, kò sẹ́ni tó lè tipa igbe yẹn mọ ibi tó ti wá. Ibi tí wọ́n lọ wò ni ibi tí ọ̀gákọ̀ fẹnu ara ẹ̀ sọ lórí fóònù láàárọ̀ yẹn, tó ṣì tún ní láti sípẹ́ẹ̀lì orúkọ ọkọ̀ fún ẹni tó gbé e, àtèyí tí ẹ̀rọ mìíràn nínú ọkọ̀ fi ránṣẹ́. Ọkọ̀ ló sọ ọ́.

N ò sọ pé jíjábọ̀ ì bá gbà wọ́n là, ìjì yẹn burú. Ohun tí mo rò ni pé ó ń jẹ́ kí ibi tí wọ́n máa wá kiri kéré, ìyẹn náà sì lè má tó nígbà míì.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ lójú agbami, ẹ má gbọ́kàn lé máàpù yẹn. Tí àmì bá pòórá, ẹ má tíì sunkún. Tó bá sì wà níbẹ̀, ẹ wo àkókò tí wọ́n gbà á kẹ́yìn, ó lè jẹ́ tàná. Ẹ gba nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ kó tó kúrò ní èbúté, kẹ́ ẹ bi wọ́n wákàtí mélòó ni wọ́n máa ń dúró kí wọ́n tó pariwo.