Ibo ni àwọn eré tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ wọlé sí?

Ẹ kàn mẹ́nu ba Aláwàdà tàbí Kóòtù Aṣípa níbi tí àwọn àgbà bá jókòó sí, ẹ ó rí i bí ojú wọn ṣe máa tàn. Ẹnì kan á rántí ilé kan ṣoṣo tó ní tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò, tí àwọn ọmọdé máa ń rọ́ mọ́ ojú fèrèsé rẹ̀. Òmíràn á rántí ẹni tó di òpó eríà mú níta, tó ń pariwo pé "Ṣé ó ti mọ́?", tí àwọn ará inú ilé ń dá a lóhùn pé "Ó kù díẹ̀, yí i sápá òsì!" Kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ á fi já síbi tó máa ń já sí: "Ṣebí gbogbo ẹ̀ wà nílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n n'Ìbàdàn. Wọ́n kàn jókòó lé e ni. Kí wọ́n gbé e síta ká wò ó."

Ọ̀pọ̀ ọdún ni èmi náà fi gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, torí náà mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú eré wọ̀nyẹn kò sí nínú yàrá kankan.

Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Nígbà tí Àníkẹ́ Agbájé-Williams, ẹni tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ hàn lórí tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ wa, bá jókòó síwájú kámẹ́rà, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún ni àwọn èèyàn ń gbọ́ ọ nílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ eré láyé ìgbà náà. Tó bá ti parí, ó parí nìyẹn. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹ́ kù tí ẹnikẹ́ni máa lọ tì mọ́lé.

Téèpù wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi wé kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí a mọ̀. Íńṣì méjì ni fífẹ̀ rẹ̀, róòlù ràgàjì tó wúwo ni wọ́n ń wé e mọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Ampex ti Amẹ́ríkà gbé e jáde ní 1956, èyí tó lè gba ètò wákàtí kan tó nǹkan bí 300 dọ́là. Ohun tó mú kí owó yẹn ṣeé san ni pé wọ́n lè pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, kí wọ́n gba òmíràn sí i, bí ọmọ iléèwé ṣe ń nu síléètì. Wọ́n sì ń nù ún. Eré ọ̀sẹ̀ yìí á lọ sórí afẹ́fẹ́, eré ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á gorí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rò pé a máa wá a lógójì ọdún sí i.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan o. BBC gan-an nu ọ̀pọ̀ eré ní àwọn ọdún 1960 àti 1970. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, wọ́n kéde pé apá mẹ́sàn-án tó ti sọnù nínú Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n wọn kan, ti di rírí. Ibo ni Philip Morris, ẹni tó ń wá a kiri, ti bá a? Jos, nílẹ̀ Nàìjíríà níbí, nínú ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan! Orí fíìmù ni BBC kọ ọ́ sí kó tó tà á sílẹ̀ òkèèrè, fíìmù kò sì ṣeé nù bíi téèpù. Èèyàn lè sun ún, ó lè gbàgbé rẹ̀ sórí pẹpẹ, wọ́n sì gbàgbé ti Jos. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rò ó. Eré àwọn ará ìlú òyìnbó yè lọ́dọ̀ wa, tiwa sì ti wà lábẹ́ eré mìíràn.

Téèpù tó bá sì bọ́ lọ́wọ́ ìnùnù, ooru àti ọ̀rinrin ń dúró dè é. Lẹ́ẹ̀ tó mú ìyẹ̀fun dúdú mọ́ ara rọ́bà máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, á wá máa lẹ̀. Tí ẹ bá fi sínú ẹ̀rọ, ìyẹ̀fun á ṣí kúrò, àwòrán á sì bá a lọ.

Inú ilé ni kí a máa wá wọn báyìí, lọ́dọ̀ àwọn tó ra ẹ̀rọ fídíò ní àwọn ọdún 1980, tí wọ́n ń gba eré sílẹ̀ látorí tẹlifíṣọ̀n sórí kásẹ́ẹ̀tì. Mo rí irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ kan nínú àpótí tí bàbá mi fi sílẹ̀. Nǹkan funfun ti bo téèpù inú rẹ̀, bíi búrẹ́dì tó ti bu. Díẹ̀ ló kù kí n tì í bọnú ẹ̀rọ, ẹni tó ń gbé kásẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà ló ní kí n má dán an wò, pé ó lè já, á sì kó ìdọ̀tí ran ẹ̀rọ. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ní irú rẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ wò ó. Ẹ gbé e dúró lóòró níbi gbígbẹ, kí ẹ sì gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá la rí gbà padà nínú ti bàbá mi. Níbẹ̀rẹ̀, àwòrán náà ń ya, ó ń já, ojú òṣèré kò hàn. Lójijì, ó mọ́ kedere. Ẹnì kan ti yí eríà níta.