Èémí Ti Ṣe Tán, Eegun Kò Tíì Ṣe Tán

Oṣù Kejì ni wọ́n sábà máa ń sá eré ẹlẹ́mìí ẹṣin (marathon) ìlú Èkó, láti pápá ìṣeré Surulere, gba orí afárá Third Mainland, títí dé Eko Atlantic. Láti ọdún 2016 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí oṣù Kìíní bá ti wọlé ni oríṣi aláìsàn kan máa ń yọjú sí àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ fisiotẹ́rápì, ìyẹn ìtọ́jú iṣan àti eegun. Kì í ṣe ìwòsàn ló ń wá. Ẹni tí yóò sọ fún un pé kò séwu ló ń wá. "Dókítà, ó kàn ń dùn mí díẹ̀ lójúgun ni. Ẹ ṣáà fún mi ní nǹkan tí màá fi sá a."

Mo mọ ohun tó ń tàn án jẹ. Ẹni tó bá ti ń sáré fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 á rí i pé èémí òun ti gùn sí i, nítorí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tètè máa ń kọ́ iṣẹ́. Eegun kì í yára bẹ́ẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbá títì ọlọ́dà léraléra, ara á kọ́kọ́ họ ibi tó ti gbó lára eegun dànù kí ó tó fi tuntun dí i. Híhọ yẹn kì í ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, àmọ́ dídí rẹ̀ a máa gba oṣù. Bí bíríkìlà tó wó ògiri gbígbó kí ó tó mọ òmíràn ni: kí sìmẹ́ńtì tó gbẹ, ibẹ̀ kò lè gbé ẹrù. Àsìkò yẹn gan-an ni eré máa ń dùn mọ́ èèyàn jù, tí á sọ kìlómítà 10 di 18 lójijì. Ibẹ̀ ni eegun ti ń sán.

Ẹ fi ìka kan ṣoṣo tẹ ojúgun yín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ìrora náà bá tàn tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣan àti awọ tó bo eegun ló ń bínú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ojú kan péré, tí ẹ fò sókè bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́, tó sì ń dùn yín lóru, ẹ gbà pé eegun ni títí ẹni tó mọ̀ yóò fi sọ pé kì í ṣe òun. X-ray tí wọ́n yà lọ́sẹ̀ kìíní tàbí ìkejì lè mọ́ tónítóní kí eegun sì ti sán. MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, ló ń tètè rí i, owó rẹ̀ kò sì kéré. Bí kò bá sówó, ẹ sinmi bí ẹni tí eegun rẹ̀ sán. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi rọ́ọ̀bù wọ́ ibẹ̀ tagbáratagbára.

Iṣan itan tó fà díẹ̀ lè jinná láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 3. Eegun ojúgun a máa gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣan gìgísẹ̀ ló lágídí jù. Ó máa ń le láàárọ̀, á rọ̀ bí ẹ bá ti sáré díẹ̀, á tún le ju ti àná lọ lọ́jọ́ kejì. Ìdùbúlẹ̀ nìkan kì í wò ó. Ẹ máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbé ara sókè lórí àtẹ̀gùn, kí ẹ rọra sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀, fún nǹkan bí oṣù 3.

Ní ti oògùn ìrora, ẹ rántí Paula Radcliffe, obìnrin asáré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni obìnrin tó sá eré ẹlẹ́mìí ẹṣin yá jù lọ láyé nígbà tó lọ sí Òlíḿpíìkì Áténì lọ́dún 2004. Ó fẹsẹ̀ ṣèṣe nígbà tí eré kù dẹ̀dẹ̀, ó lo oògùn tó ń pa ìrora àti wíwú, oògùn náà sì da ikùn rẹ̀ láàmú. Nígbà tó kù bí kìlómítà 6, ó dúró, ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń sunkún. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, ó gba ipò kìíní ní New York. Ní oòrùn Èkó, tí omi ti gbẹ lára, irú oògùn bẹ́ẹ̀, bí ibuprofen àti diclofenac, tún lè ṣe kíndìnrín ní jàǹbá.

Bí ẹ bá ń sinmi eré, ẹ lè lúwẹ̀ẹ́, ẹ lè gun kẹ̀kẹ́ tí kò bá dùn yín. Èémí kò ní bọ́ lọ. Ẹ tó padà sórí títì, ẹ kọ́kọ́ rìn fún ìṣẹ́jú 30 láìsí ìrora, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan fò léraléra láìsí ìrora, kí ẹ wá máa rìn díẹ̀ sáré díẹ̀. Bí eré bá ku ọ̀sẹ̀ 4 tí ẹ kò tíì lè sáré ìṣẹ́jú 30 lọ́fẹ̀ẹ́, kìlómítà 42 ti ọdún yìí ti kọjá lọ́dọ̀ tèmi, ì báà jẹ́ pé ẹ ti sanwó, ì báà jẹ́ pé gbogbo ọ́fíìsì ti gbọ́.

Ìrora kan wà tí kò gba kí á dúró dọ́la: èyí tó bá ń dùn yín lókè itan níwájú, níbi tí itan ti pàdé ikùn, tí ẹ fi ń tiro. Ọrùn eegun itan lè ti sán. Bí ó bá já pátápátá, iṣẹ́ abẹ ló kàn, nítorí náà ẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn kúrò nílẹ̀, ẹ fi igi rìn, kí ẹ sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.